Jilé Kẹ́hìndé

Ọ̀kan tutù, ọ̀kan gbẹ. Bí mo ṣe bá wọn nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, lórí ìṣó tí mo fi wọ́n kọ́ lẹ́yìn káńtà, nínú ṣọ́ọ̀bù tí a tì pa láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, lásìkò ọyẹ́ tí ètè gbogbo wa ní Àjàṣẹ́ ń sán. Jilé ni mo ń sọ, ẹ̀wù aláìlápá tí èèyàn ń wọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi kó má baà rì. Mo já èyí tó tutù kúrò lórí ìṣó, omi sì dà lé mi lẹ́sẹ̀. Mo gbé e símú. Kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Omi ọ̀sà ni, tòun ti òórùn ẹrẹ̀ àti ẹja.

"Aubin! Ta ló fi jilé ọmọ mi nulẹ̀?"

"Ìyá Ìbejì, ẹ má bẹ̀rẹ̀ o," ni Aubin dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Mi ò tíì gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ẹ ti ń wá ẹni tẹ́ ẹ máa bá jà."

Aubin ni a jọ ń tajà. Ègùn ni, ṣùgbọ́n Nàgó rẹ̀, Yorùbá tiwa níbí, dán ju ti àwọn ọmọ ìyá mi kan lọ, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Mo wo garawa ìnulẹ̀, ó gbẹ. Mo wo àjà, ó gbẹ. Mo fún jilé náà títí, mo sá a sóòrùn, mo sì bú ẹnikẹ́ni tó bá wà nídìí ẹ̀ dáadáa, nítorí èmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń bá ṣe irú eré bẹ́ẹ̀.

Ìyádùnní lorúkọ mi, ṣùgbọ́n ní gbogbo àdúgbò Houinmè, Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè mí. Ṣọ́ọ̀bù Mùsé Joachim, ọ̀gá wa, ni mo ti ń tajà. Ọmọ Àgùdà ni Mùsé, ìran àwọn tó ti Brazil padà wálé, ó sì fẹ́ràn igbó àti omi bí àwọn mìíràn ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ohun tí èèyàn fi ń gbé níta nìkan ló ń tà: àgọ́, báàgì àgbékọ́yìn, bàtà ìgbó, ẹ̀wù òjò, tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń so mọ́ orí. Nígbà tó ṣí i, àdúgbò rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn wọ́n. Ta ló fẹ́ sanwó kó tó lọ sùn níta? Ìyá kan wá láti Dowa, ó yí àgọ́ po, ó wọ inú rẹ̀, ó jáde, ó ní òun rò pé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn màlúù ni. Bí àkókò tí àwọn Kátólíìkì ń rìnrìn-àjò àdúrà lọ sí Dassa bá dé, a kì í ráyè mumi. Tó bá kọjá tán, eruku bàtà la ó máa nù láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn ọkọ ìyàwó á sì máa kó ìyàwó wọn wọ inú àgọ́ wá ya fọ́tò, wọn ò ní ra okùn bàtà lásán. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ohun tó gbé mi débẹ̀ kò sì jọ ti ẹnikẹ́ni.

Ọmọbìnrin méjì ni mo bí lẹ́ẹ̀kan náà, Táyé àti Kẹ́hìndé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá ni ibà mú Kẹ́hìndé. Lọ́dọ̀ wa níbí, Nàgó ni o, Ègùn ni o, a kì í sọ pé ìbejì kú. Ó lọ ṣẹ́gi nínú igbó ni. Wọ́n gbẹ́ ère kékeré kan fún mi tó jókòó sí ipò rẹ̀, ohunkóhun tí mo bá sì rà fún Táyé, mo gbọ́dọ̀ ra irú rẹ̀ fún Kẹ́hìndé. Kò sí àròyé nínú ẹ̀. Bí Táyé ṣe ń dàgbà ni mo wá ń rò ó: ọmọ tó ti wà nínú igbó láti ọjọ́ yìí wá, kí ló wọ̀ sẹ́sẹ̀? Ìrònú yẹn ló gbé mi wọ ṣọ́ọ̀bù Mùsé nígbà àkọ́kọ́. Mo ra bàtà ìgbó kékeré, ti Táyé àti ti Kẹ́hìndé, mo sì yẹ okùn àti ìsàlẹ̀ wọn wò débi pé Mùsé ní ẹni tó ń rajà báyìí yẹ kó máa tà á.

Bàtà Kẹ́hìndé wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn mi. Ẹnikẹ́ni ò wọ̀ ọ́ rí. Lọ́dún tó kọjá mo gbé e jáde kí n nu eruku rẹ̀, mo sì rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ. Ewé gbígbẹ há mọ́ ọn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo dá a padà, mo pa páálí dé.

Nígbà tó wá di ọyẹ́ ọdún yìí, ilé ìwé Táyé ní àwọn máa kó àwọn ọmọ sọdá ọ̀sà lọ sí Aguégués, kí wọ́n lọ wo àwọn ilé tí wọ́n kọ́ sórí omi. Wọ́n wá ra jilé lọ́dọ̀ wa. Ọjà tó tóbi jù tí a tíì tà rí nìyẹn. Oríṣi méjì la ní. Ti àtijọ́ jẹ́ aláwọ̀ ọsàn, ó tóbi gbàǹgbà, ọmọ tó bá wọ̀ ọ́ á dà bí ẹni tó gbé ìrọ̀rí kọ́rùn. Ti tuntun jẹ́ aláwọ̀ róòsì, pupa fẹ́ẹ́rẹ́, pẹ́lẹ́ńgẹ́, arẹwà, Mùsé ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lọ́wọ́ oníṣòwò kan tí a ò bá ná rí ni. Madáàmù Virginie, olùkọ́ tó máa kó àwọn ọmọ lọ, ò tiẹ̀ wo ti ọsàn lẹ́ẹ̀mejì. Ó kó róòsì. Mùsé jó yí káńtà po.

Mo yọ méjì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mi kí wọ́n tó kó ìyókù lọ, mo so òwú funfun mọ́ èjìká ti Kẹ́hìndé kí n má baà ṣì wọ́n mú. Aubin ń wò mí.

"Ìyá Ìbejì, ẹ dákun. Igi ni Kẹ́hìndé. Igi a máa léfòó fúnra rẹ̀."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn, kí n má purọ́.

Ó dára. Èyí tó tutù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, èyí tó ní òwú ni. Lọ́jọ́ kejì ó tún tutù, gbòǹgbò koríko ojú omi sì lọ́ mọ́ ìdè rẹ̀. Mùsé gbé àkàbà, ó gun òrùlé, kò rí nǹkan kan àfi eruku ọyẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní bóyá ológbò ni. Mo bi í pé ológbò wo ló ń lọ wẹ̀ lọ́sà. Nígbà tó ṣe, mo fọgbọ́n ṣe é: mo tú òwú funfun yẹn, mo so ó mọ́ èkejì. Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, èkejì yẹn ló ń kán tó, tó, tó. Èyí tó ti ń tutù tẹ́lẹ̀ gbẹ fúrúfúrú.

Aubin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan àgọ́.

"Ẹ mú un lọ sílé," ló rọra sọ. "Ẹ sì bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ ní eré ni mo fi ọ̀rọ̀ igi yẹn ṣe."

Mo mú méjèèjì lọ sílé. Mo kan ìṣó sára ògiri lókè ère, mo gbé jilé olówùú funfun kọ́ ọ. Mo jókòó tì í. "Ọmọ mi," ni mo wí, "kí lò ń fi aṣọ yìí ṣe? Kí lò ń wá nínú omi, ìwọ tí a ní o wà nínú igbó?" Ère náà ń wò mí bó ṣe máa ń wò mí. Mo gbé ẹ̀wà kalẹ̀ fún un, mo sì bá iṣẹ́ mi lọ, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò lélẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Táyé jí ṣáájú mi. Ó ti wọ kakí ilé ìwé rẹ̀, ó wọ jilé róòsì lé e láti inú ilé, ó ń fò sókè fò sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbé e lọ sétí ọ̀sà, láti ibẹ̀ ó gba ibi iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Mo ń di gèlè láti lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo gbọ́ ọ nínú yàrá. Tó. Tó.

Mo wọlé. Oòrùn ti kún ojú fèrèsé, ẹ má rò pé òkùnkùn ló tàn mí jẹ. Jilé tí mo fọwọ́ kàn tó gbẹ nígbà tí mo jí ń mu omi níbi tí kò sí omi. Ó ń wú. Àwọ̀ róòsì rẹ̀ ń dúdú láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí ẹni pé wọ́n ń rì í bọ odò díẹ̀díẹ̀. Ìṣó tẹ̀, ó sì yọ. Jilé náà já bọ́ gbì níwájú ère.

Mo fi ọwọ́ kan gbé e, kò gbéra. Mo fi méjèèjì gbé e, omi ṣàn dé ìgbúnwọ́ mi. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù tó ti ń bà mí láti ọjọ́ Ajé ti kúrò lára mi, tí ẹ̀rù mìíràn wọlé, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí. Jilé gidi kì í mu omi. Ara rẹ̀ lè tutù, ṣùgbọ́n yóò fúyẹ́. Èyí ti mumi yó. Mo fa ọ̀bẹ yọ, mo la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fóòmù ibùsùn àtijọ́ ló wà níbẹ̀, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n rán an pa.

Ọmọ mi ò ṣeré rárá. Ó ń wọ̀ ọ́ wọ omi ni. Ó ń rì, ó sì ń gbé e padà wá fún mi kí n wò ó.

"Yéè! Táyé mi o!"

Mo pe Aubin lórí fóònù bí mo ṣe ń sáré jáde. "Kó gbogbo jilé ọsàn sínú ọkọ̀ Mùsé. Gbogbo ẹ̀! Ẹ bá mi létí ọ̀sà. Ti róòsì ń rì!"

Mùsé gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyádùnní, ara rẹ dá? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? "Kẹ́hìndé ni, Mùsé."

Àgùdà ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Ègùn ni ìyá tó bí i, ọ̀rọ̀ ìbejì kò ṣàjèjì sí i.

"À ń bọ̀," ló wí.

Mo gun zẹ́mì, alùpùpù akérò, èyí tí mo kọ́kọ́ rí, mo sì ń lu ẹ̀yìn ọkùnrin tó ń wà á kó sáré. Kó tó dúró ni mo ti bọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ti jókòó tán nínú ọkọ̀ onígi gígùn náà, gbogbo wọn ní róòsì, wọ́n ń kọrin. Ọlọ́kọ̀ ti di okùn ẹ̀rọ mú. Mo rí Táyé níwájú pátápátá, ó ń juwọ́ sí mi.

"Ẹ dúró! Ẹ má gbéra o!"

Madáàmù Virginie na ọwọ́ dí mi lọ́nà. "Ìyá Táyé, kí ló dé? Ẹ má dẹ́rù ba àwọn ọmọ."

"Jilé yẹn máa rì."

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ tà á fún wa?"

"Èmi ni mo tà á. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

Mi ò dúró gba àṣẹ. Mo wọ inú omi dé orúnkún, mo bọ́ jilé Táyé kúrò lọ́rùn rẹ̀, mo sì jù ú sínú ọ̀sà níṣojú gbogbo èèyàn.

Ó léfòó. Háà, ó léfòó dáadáa, ó ń yí lórí omi nínú oòrùn. Àwọn apẹja tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́kọ̀ ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ lọ sinmi nílé." Madáàmù Virginie ní, "Ṣé ẹ ti rí i báyìí?" Ojú tì mí débi pé etí mi ń gbóná, ṣùgbọ́n mi ò kúrò níbẹ̀.

"Ẹ wò ó," ni mo ń sọ. "Ẹ ṣáà máa wò ó."

Wọ́n ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà èjìká rẹ̀ kan wọlé. Ẹ̀rín dín kù. Èjìká kejì wọlé. Jilé náà yí padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó dùbúlẹ̀ lábẹ́ omi díẹ̀ níbi tí a ṣì ti ń rí i, ó sì lọ. Omi hó díẹ̀ níbẹ̀. Madáàmù Virginie ò wò mí. Ó na ọwọ́ sí ọmọ tó sún mọ́ ọn jù lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jilé ọrùn rẹ̀.

Ọkọ̀ Mùsé dé pẹ̀lú fèrè. Aubin ń ju ti ọsàn sílẹ̀, àwa ìyá ń wọ̀ ọ́ fún wọn. Àwọn ọmọ ń ráhùn pé kò rẹwà, pé ó ń rùn. Mo ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́, kí wọ́n burẹ́wà bẹ́ẹ̀, èmi ni mo sọ ọ́. Mo ju ọ̀kan sínú omi kí gbogbo èèyàn rí i, Aubin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí, ó ń fò padà sókè.

Mo fẹ́ fa Táyé sọ̀ kalẹ̀. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyá tó wà níbẹ̀ ń wo ojú mi, bí mo bá mú tèmi kúrò, kí ni mo ń sọ nípa tiwọn? Mo mọ jilé ọsàn yẹn dáadáa. Mo di ìdè Táyé fúnra mi, mo fà á, mo tún un fà. Ọkọ̀ gbéra. Ó ti jìnnà kí n tó rántí pé ọ̀kan ṣoṣo ni mo mú. Láti ọjọ́ tí mo ti bí wọn, mi ò fún Táyé ní nǹkan rí kí n má fún Kẹ́hìndé.

Mi ò kúrò létí omi. Mùsé náà ò kúrò. Nígbà tí oòrùn ti ń rọ̀, a gbọ́ orin wọn, a sì rí ọkọ̀ wọn tó ń padà bọ̀. Ọkọ̀ ńlá kan tó kó yanrìn gba iwájú wọn kọjá pẹ̀lú eré. Ìgbì rẹ̀ gbé ọkọ̀ àwọn ọmọ sókè, ó sì dà á dé. Orin dúró.

Igbe ta létí omi. Mò ń wo ibi tí wọ́n wà, omi nìkan ni mo rí.

Àfi bí ọ̀kan ṣe yọ, pípọ́n rẹ́súrẹ́sú. Òmíràn yọ. Wọ́n ń yọ, wọ́n ń yọ, níhìn-ín, lọ́hùn-ún, títí gbogbo ojú ọ̀sà fi kún fún ọsàn, gbogbo wọn ń wúkọ́, gbogbo wọn ń pe ìyá wọn. Àwọ̀ tí wọ́n ní kò rẹwà yẹn ni àwọn apẹja fi ń rí wọn láti òkèèrè. Àwọn ọkọ̀ apẹja tú dà sórí omi. Aubin bọ́ sínú ọ̀kan, ọkùnrin tí kò mọ odò ọ́ wẹ̀ rárá! Wọ́n kó wọn wá sébùúté pátá. Madáàmù Virginie ń ka orúkọ, wọ́n ń dáhùn, kò sí orúkọ tó pè tí wọn ò dáhùn.

Ayọ̀ ọjọ́ náà, mi ò lè sọ ọ́ tán. Àwọn ìyá tú gèlè wọn, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí n rìn lórí rẹ̀. Àwọn ará Ègùn ń pè mí ní Hohónọ̀, Hohónọ̀, ìyá ìbejì lédè tiwọn, wọ́n ń jó. Mùsé Joachim jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé Táyé mọ́ra tòun ti jilé gbàǹgbà rẹ̀, mo jó títí ẹsẹ̀ mi fi kọ̀.

Létí mi ni Táyé ti sọ ọ́. "Màmá, okùn kan há mọ́ mi lẹ́sẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ẹnì kan tú u. Ó tì mí sókè."

"Ta ni?"

"Mi ò mọ̀. Òun náà wọ ọsàn."

Apẹja tó gbé e wá ń wo ojú rẹ̀, ó ń wo ojú omi. "Ìyá Ìbejì," ló rọra wí, "àwọn méjì tó jọra ni mo rí. Ọ̀kan ni mo rí gbé. Ẹ jẹ́ kí n padà lọ wá èkejì."

Mo di apá rẹ̀ mú. "Má lọ. Ó mọ ọ̀nà ilé."

Nígbà tí a ń kó jilé padà sínú ọkọ̀, Aubin ní ọ̀kan dín. Mùsé wò mí, ó sì ní kó fi í sílẹ̀.

Nílé, jilé róòsì tí mo là ṣì wà nílẹ̀ bí mo ṣe fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n òwú ti kúrò ní èjìká rẹ̀. Ìṣó ti padà sára ògiri. Jilé ọsàn kan rọ̀ lórí rẹ̀, ó ń kán sórí ère, òwú funfun wà ní èjìká rẹ̀. Mo fọwọ́ gbé e. Ara rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́.

Gbogbo wa la mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló máa ń rán Táyé jáde ṣáájú, kó lọ tọ́ ayé wò fún òun. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rán ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ tọ́ omi wò. Mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí mo bí nínú ara mi, mo ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n." Ẹkún gbà mí, ẹ̀rín náà sì gbà mí.

Mo bu ẹ̀wà sí abọ́ méjì. Táyé jẹ tirẹ̀ ó kù díẹ̀, ó gbé etí sí ọ̀dọ̀ ère, ó sì yíjú sí mi bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ lásán.

"Màmá, ó ní bàtà òun ti ń fún òun."

Lọ́jọ́ Ajé, èrò ti kún iwájú ṣọ́ọ̀bù kí a tó ṣílẹ̀kùn, ìyàwó apẹja, ọlọ́kọ̀, olùkọ́, gbogbo wọn ń bèèrè jilé ọsàn. Mùsé ti jó jó ó ti rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí àyè gbà mí, mo lọ sídìí bàtà ìgbó, mo mú méjì tó jọra, tó fi díẹ̀ tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo gbé wọn sórí káńtà. Aubin ò rẹ́rìn-ín. Ó fi bébà wé ti àkọ́kọ́, ó mú ti èkejì, ó nu ún dáadáa, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé ẹ̀gbọ́n máa fẹ́ ìbọ̀sẹ̀ sí i?"

Mo ní kó fi sí i. Ọyẹ́ ti mú jù nínú igbó.